Ẹ fá irun màlúù kí ẹ tó kó òmíràn dé

Mínísítà ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn, Idi Mukhtar Maiha, ti sọ ọ́ ní gbangba: wàrà tí à ń fún nílẹ̀ yìí lọ́dún yóò kúrò ní 700,000 tọ́ọ̀nù, yóò di 1.4 mílíọ̀nù láàárín ọdún márùn-ún. A kò bá a jà. Owó dọ́là tó ń bá wàrà òkèèrè lọ ti pọ̀ jù.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí a ti ń tẹnu mọ́ láti ọjọ́ yìí, a ó tún un sọ: lítà ni wọ́n ń kà, orí màlúù ni wọ́n ń kà, kò sẹ́ni tó ń ka ìyà tó ń jẹ màlúù. Ìran Holstein, màlúù oníwàrà púpọ̀ tí wọ́n ń kó wọlé láti òkèèrè, ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ti wá. Bí oòrùn wa bá mú wọn, wọn ò ní jẹun dáadáa, wàrà á fà, oyún ò sì ní í tètè dúró. Bunaji, màlúù funfun àwọn Fúlàní tiwa, kì í fún wàrà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ oòrùn.

Ẹ má sì fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàn wá o. Kí ẹ tó di màlúù mú, kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, ìbẹ̀rù ti mú kí cortisol, èròjà tí ara ń tú jáde nígbà ìnira, ru sókè nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Jìnnìjìnnì àárọ̀ ọjọ́ náà lẹ wọ̀n yẹn, kì í ṣe ìnira oṣù mẹ́ta.

Irun ni kí ẹ wò. Bí irun ṣe ń hù ni cortisol inú ẹ̀jẹ̀ ń wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń wà. Ẹ fá ojú kan, ẹ jẹ́ kó tún hù fún oṣù díẹ̀, kí ẹ gé èyí tó hù náà lọ fún àyẹ̀wò. Kò dun màlúù, kò sì gba yìnyín láti tọ́jú irun náà. Ó ní ìṣọ́ra tirẹ̀ ṣá: irun dúdú àti funfun kì í sọ iye kan náà, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ sì lè ba èsì jẹ́. Ojú kan náà lára, àwọ̀ kan náà, ní gbogbo ìgbà. Irun tí màlúù bá gbé dé láti òkèèrè gan-an wúlò, torí ìròyìn ilé tó ti wá ló wà nínú rẹ̀. Òun la ó fi wé ti ẹ̀yìn ẹ̀ẹ̀rùn.

Ilé ìwádìí àìsàn ẹran ti wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, láti 1924. Àwọn dókítà ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kí lẹ tún ń dúró dè? Àbí ó dìgbà tí màlúù bá kú tán kí ẹ tó gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí dìde, bí ìṣe yín?

Oko yòówù tó bá gba owó ìjọba gbọ́dọ̀ fá irun màlúù rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dé, kó tún gé e lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, kí èsì sì jáde fún gbogbo ayé rí. Títí dìgbà náà, kí ìjọba má san kọ́bọ̀ lórí màlúù òkèèrè mìíràn.