Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló pín orin náà sí mẹ́rin

Láti ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ orin ti ń tún àwọn àwo ayé àtijọ́ gbé jáde lórí SACD àti Blu-ray, ìyẹn irú àwo tí ó lè gba ju ohùn méjì lọ, ní quadraphonic, ìyẹn orin tí ohùn rẹ̀ ń ti inú sípíkà mẹ́rin jáde, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ pé ẹ̀tàn ni, pé sítẹ́ríò lásán, olóhùn méjì, ni wọ́n kó sínú kọ̀ǹpútà, tí kọ̀ǹpútà wá gé sí mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a mú àwo The Dark Side of the Moon ti ẹgbẹ́ olórin Pink Floyd, tí ó jáde ní ọdún 1973. Ọ̀nà 16 ni téèpù tí wọ́n fi gbà á sílẹ̀ ní Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù ní, tí ìlù, gìtá àti ohùn ẹnu fi lè wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Alan Parsons, tí ó bá wọn gba ohùn sílẹ̀, padà sídìí téèpù yẹn lọ́dún náà, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ pín ohun tí ó wà lórí rẹ̀ fún sípíkà mẹ́rin. Kọ̀ǹpútà wo ni ì bá bá a ṣe irú iṣẹ́ yẹn nígbà náà? Àní àwọn aago tí ń dún gbọnrangandan níbẹ̀rẹ̀ orin “Time”, ṣọ́ọ̀bù aago àtijọ́ ni Parsons ti gbà wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí pé ó fẹ́ fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ quadraphonic, kí orin náà tó rí wọn lò. Iṣẹ́ ọdún 1973 yìí gan-an ni ó wà nínú Immersion, àpótí àkójọ àwo náà tí wọ́n tà ní 2011. Ti sípíkà mẹ́fà tí James Guthrie ṣe fún SACD ọdún 2003, tí àwọn ènìyàn máa ń ṣì mú fún un, iṣẹ́ mìíràn ni.

Àìgbàgbọ́ náà kúkú ní ibi tí ó ti ṣẹ̀. Ojú ilà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ lórí àwo ní ẹ̀gbẹ́ méjì péré, nítorí náà, nínú ètò SQ tí ilé-iṣẹ́ orin CBS gbé kalẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ EMI náà sì lò, wọ́n ní láti ká ohùn mẹ́rin mọ́ méjì, kí ẹ̀rọ kan nílé ẹni tí ó rà á tó tún tú wọn. Bí ẹni da epo pupa àti òróró pọ̀ sínú ìgò kan, tí ó wá ń wá bí yóò ṣe yà wọ́n, ni. Ohun tí ó yẹ kí ó wà níwájú nìkan a tún máa dún lẹ́yìn. CD-4, ètò mìíràn tí ilé-iṣẹ́ JVC ṣe fún àwo, yà wọ́n dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ abẹ́rẹ́ àkànṣe. Àwọn àwo kan sì wà láyé ìgbà náà tí wọ́n jẹ́ sítẹ́ríò tí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ́n ká lóòótọ́. N kò ní gbèjà wọn.

Téèpù olóhùn mẹ́rin tí wọ́n tọ́jú pamọ́ kò ní ìṣòro yìí, nítorí ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà láàyè ara wọn lórí rẹ̀, wọn kò sì gba ojú ilà àwo kọjá kí wọ́n tó dé orí Blu-ray. Ẹni tí ó ra àwo SQ nígbà náà lè má tíì gbọ́ bí ìró owó ẹyọ àti ẹ̀rọ ìgbowó inú “Money” ṣe ń ti inú sípíkà kan bọ́ sí òmíràn, tí ó ń rìn yí yàrá ká, bí Parsons ṣe tò ó.