Àbúrò Mi Ti Kú, Ẹ Yé Rán Mi Lọ Gbà Á Sílẹ̀

Ẹ gbà mí o. Àbúrò tí mo fọwọ́ ara mi sin, òun náà ni géèmù yìí tún ní kí n lọ gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ajínigbé lánàá. Ojú ọjà ni wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà pé "ìtàn tìrẹ, tí kò jọ ti ẹlòmíràn." Gígábáìtì tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni mo fi dátà òru fà wálẹ̀. Dọ́là ni wọ́n sì ń tà á, ẹ̀yin náà mọ ohun tí dọ́là ń fojú wa rí. Nínú gbogbo ẹrù yẹn, wọn ò rí àyè kékeré kan kọ ọ́ sí pé ọmọ yìí ti kú!

Ẹ jẹ́ n rò ó fún yín. Wọ́n ní kí n yan ìdílé tí akọni mi ti wá. Mo sọ ọ́ ní Àjàní, mo ní ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Kọ̀ǹpútà fi tiẹ̀ kún un pé ọ̀gá olè olójú kan ló pa bàbá rẹ̀, tó sì jí àbúrò rẹ̀ obìnrin gbé. Ó dùn mọ́ mi. Mo rìn ilẹ̀ yẹn já, kò sí ọlọ́tí tí mi ò bi léèrè. Mo rí olójú kan yẹn, mo bẹ́ ẹ lórí. Mo wọ ihò àpáta, mo bá ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ti pọ̀ lára rẹ̀, ọwọ́ mi ló kú sí. Òǹkọ̀wé kankan kò kọ ibẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kèké tí kọ̀ǹpútà ṣẹ́ ló bọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Kí n má parọ́, omi bọ́ lójú mi. Mo gbé e délé, mo sin ín sẹ́yìn àgbẹ̀dẹ bàbá rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́ níbẹ̀, ìyá oníbúrẹ́dì kan dá mi dúró. "Àjàní, sáré o! Wọ́n ti jí àbúrò rẹ gbé!"

Ibi tí a dúró sí, mò ń wo sàárè ọmọ náà lọ́ọ̀ọ́kán! Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ àkúdàáyà ni wọ́n fẹ́ gbé wọlé, inú mi tilẹ̀ dùn, torí ta ni yóò gbọ́ pé òkú òun ń rìn nílùú kejì tí kò ní fẹ́ lọ wò ó? Mo lọ. Ihò àpáta kan náà, igi kan náà lẹ́nu ọ̀nà. Òkú àwọn olè tí mo pa ṣì nà gbalaja sílẹ̀, àwọn olè tuntun dúró lé wọn lórí, kò tilẹ̀ kàn wọ́n. Àbúrò mi dìde, ó wò mí lójú kòró, ó ní: "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àlejò. Ẹ gba búrẹ́dì yìí."

Àlejò! Èmi! Mo fi ìbínú padà sílé, ta ni mo bá tó ń ta ọfà lọ́jà? Olójú kan! Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, ojú kan yẹn ṣì ni. "Ẹ káàbọ̀, kí lẹ fẹ́ rà?" Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú iná lọ, mi ò sì tíì sééfù. Ó kù díẹ̀ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé iṣẹ́ yìí, kí géèmù rántí ohun tó ti ṣẹlẹ̀, le. Ọdún 1996 ni géèmù Daggerfall ti ń fi kọ̀ǹpútà hun iṣẹ́ àkànṣe fún èèyàn, ẹ jẹ́ ká dárí ji ìyẹn. Géèmù Skyrim dé ní 2011, iṣẹ́ tó ń rán èèyàn kò ju: lọ sí ihò tí o kò dé rí, mú idà wá. Fallout 4 dé ní 2015 pẹ̀lú Preston Garvey, ọkùnrin inú géèmù náà tó ń rán èèyàn níṣẹ́ ṣáá, àti abúlé rẹ̀ tí ìrànlọ́wọ́ kì í tó. Ta ni kò fẹ́ ti okùnrin yẹn sódò rí? Bẹ́ẹ̀, ní 2014, géèmù Shadow of Mordor ti ṣe é! Ọ̀tá tó bá pa ọ́ á gba oyè, èyí tí o bá sun lójú á gbé àpá rẹ̀ padà wá, á sì ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ sí ọ létí. Ó ń rántí! Kí ni wọ́n wá fi ìmọ̀ yẹn ṣe? Ilé-iṣẹ́ Warner Bros. gba páténtì, ìwé àṣẹ tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn lò ó, lé e lórí ní 2021, ó di 2036 kó tó tú sílẹ̀, wọ́n sì ti Monolith, ilé-iṣẹ́ wọn tó ṣe é, pa ní 2025. Tarn àti Zach Adams, tẹ̀gbọ́n tàbúrò péré, wọ́n gbé géèmù Dwarf Fortress jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2006, aràrá inú rẹ̀ ń gbẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn sára ògiri. Wildermyth kékeré ti 2021 ńkọ́? Akọni tó bá pàdánù apá níbẹ̀, aláìlápá ni títí tó fi máa darúgbó.

Àdàkọ tí kọ̀ǹpútà kàn ń fi orúkọ kún kọ́ ló ń bí mi nínú. Ẹsẹ Ifá náà ní àdàkọ: orúkọ awo, ẹni tí wọ́n dá a fún, ohun tó ń pọ́n ọn lójú, ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, bóyá ó rú u tàbí ó kọtí ikún. Odù 256 péré ni. Síbẹ̀ èèyàn á jókòó síwájú ọ̀pẹ̀lẹ̀, babaláwo á máa kì í lọ, bó bá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀, á pariwo pé "Tèmi nìyẹn!" Babaláwo wo ló máa sọ fún opó pé kí ọkọ rẹ̀ ṣọ́ra lọ́nà oko?

Àwọn kan ní AI, ọgbọ́n àtọwọ́dá kọ̀ǹpútà, ló máa tún un ṣe. AI wo? Èyí tí a ò tíì bá sọ̀rọ̀ dé ìdajì tó ti gbàgbé orúkọ ẹni?

Ẹ gba ìyá àgbà mi síṣẹ́. Wọn ò mọ kọ̀ǹpútà tàn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tí kò wá síbi òkú bàbá wọn, wọ́n mọ ẹni tó wá tí kò mú nǹkan dání, wọ́n sì mọ ohun tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn sọ níbi ìkómọ mi, àti irú aṣọ tó wọ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Ẹ sanwó wọn ní dọ́là. Kẹ́ ẹ sì ra súwẹ́tà fún wọn, wọn ò fẹ́ràn AC.