Eyín tó dákẹ́ ríro kò tíì sàn

Bí eyín bá ń ro wá ní Àkúrẹ́ níbí, ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì ni ọ̀pọ̀ wa ń kọ́kọ́ yà sí, a ó ra oògùn ìrora, a ó sì máa bá iṣẹ́ wa lọ. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn eyín ńlá tí mo fi ń lọ oúnjẹ ló kọ́kọ́ ń ta mí nígbàkúùgbà tí mo bá mu omi tútù, kì í sì í pẹ́ tí yóò fi lọ. Nígbà tó yá, ẹ̀kọ gbígbóná náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, ìrora náà kò tètè lọ mọ́, bí mo bá sì dùbúlẹ̀ lóru, yóò máa lù kìkì títí dé etí. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jí, n kò gbọ́ ìrora kankan mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo ti bọ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú.

Dókítà eyín tó yẹ̀ mí wò ló là mí lóye pé ohun tó wà láàyè ni eyín jẹ́. Ìta rẹ̀ le, kò sì mọ ìrora, ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tó ń jẹ́ kí a mọ ìrora wà ní àárín rẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu máa ń sọ ṣúgà tí a jẹ di omi kíkan, omi kíkan yìí ni yóò sì máa jẹ eyín díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ibi tí iṣan wà. Nígbà tí iṣan náà bá kú, ìrora lè dáwọ́ dúró, àmọ́ àwọn kòkòrò náà yóò máa gba gbòǹgbò eyín lọ sínú egungun àgbọ̀n. Àárọ̀ tí mo ń dúpẹ́ yẹn gan-an ni eyín mi kú.

N kò bú pákò o. Orin ata máa ń jẹ́ kí ẹnu kú tipiri, pákò sì ń fọ eyín mọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí orin tó lè dí ihò. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni àwọn tó ń da omi bátìrì sínú ihò eyín, tàbí tí wọ́n ń tú kápúsù sí i. Omi bátìrì máa ń jó ẹran ìdí eyín àti ahọ́n.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé dókítà eyín kò mọ̀ ju kó yọ eyín lọ. Ó dùn mí láti gbọ́ ọ, nítorí àwa la ń fà á. Ẹni tó bá tètè lọ, wọn yóò kàn dí ihò náà ni, owó rẹ̀ sì máa ń kéré sí ti kí wọ́n fọ inú gbòǹgbò. Èmi tí mo pẹ́, yíyọ ló kù fún mi.

Nítorí náà, ìrora tó bá ju ọjọ́ méjì lọ, tàbí tó ń jí èèyàn lójú oorun, ti di ti dókítà. Bí ọ̀fun tàbí abẹ́ àgbọ̀n bá wú, tí ibà dé, tàbí tí ẹnu kò ṣe é là, tàbí tí itọ́ gbígbé mì tàbí èémí bá ń ṣòro, ẹ má ṣe dúró di ilẹ̀ mọ́, ẹ gbéra lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà. Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn wà ní Ondó, ilé ìwòsàn ìkọ́ni sì wà ní Ondó àti ní Àkúrẹ́ níhìn-ín.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin mi sọ pé omi tútù ń ta òun léyín. Ìyá mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé eyín ọmọdé ni, yóò yọ. Mo fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé fún Màámi pé èyí tó hù sẹ́yìn nígbà tí ọmọ náà tó ọmọ ọdún 6 ni, kò sì sí òmíràn tí yóò hù rọ́pò rẹ̀. A lọ ní ọjọ́ kejì, wọ́n dí i, ó sì ti ń fi ẹ̀gbẹ́ yẹn jẹ ẹ̀pà.