Owó epo lọ́tọ̀, owó ọkọ̀ lọ́tọ̀

Ẹ kú òpin ọ̀sẹ̀ o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìwọ̀ àti omi. Èrò ọkàn mi nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Àwa tá à ń lọ pẹja fún fàájì wà lára àwọn tó ń jẹ́ kí epo burúkú wọ ẹ́ńjìnnì àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. A ó dé etí omi Aṣejire láàárọ̀ Sátidé, a ó máa ná bàbá ọlọ́kọ̀ bí ẹni ń ná tòmáàtì lọ́jà. Iye tá a san kí epo tó gbówó lórí la ṣì fẹ́ san. Bàbá ò fẹ́ kí oníbàárà yí padà, á ní kò burú, ẹ wọlé. Ṣùgbọ́n ibì kan ló ti máa yọ owó tá a já kù yẹn, inú epo ló sì máa ti yọ ọ́. Dípò kó ra kẹ́ẹ̀gì kan tó kún nílé epo, á ra lítà mẹ́ta lọ́wọ́ oníkẹ́ẹ̀gì ẹ̀bá títì. Á da èyí tó ti sùn nísàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì láti oṣù tó kọjá mọ́ ọn. Á tún dín ọ́ìlì kù. Tí ẹ́ńjìnnì bá wá kú sáàárín omi, a ó sọ pé ọkọ̀ bàbá ò dáa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà kan wà ní bíi ₦185 sí ₦200. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún yẹn, ó ti di ₦617. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti wọ ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà tá à ń rà ní nǹkan bíi ₦4,600 di ₦15,400, ó tún di ₦25,000. Láti ìgbà náà ó ń rọ̀, ó ń gun, ṣùgbọ́n kò padà síbi tó ti wá. Ẹni tó ń gbé wa jáde lórí omi ló ń ru ẹrù yẹn tá a bá ń san owó àtijọ́ fún un.

Ibo gan-an ni epo ń lọ? Ẹ́ńjìnnì two-stroke (irú èyí tá à ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀) tí agbára rẹ̀ jẹ́ họ́ọ̀sìpáwà 15, tá a bá fa ọwọ́ rẹ̀ dé òpin, ń mu bíi lítà 5 sí 6 ní wákàtí kan. Họ́ọ̀sìpáwà 40 ń mu tó lítà 15, nígbà míì ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní tèmi, kò sí ohun tí ẹ́ńjìnnì 40 ń wá ní Aṣejire lẹ́yìn ọkọ̀ èèyàn mẹ́ta. Ọkọ̀ pákó wa gùn, ó sì wúwo, kì í ṣe irú èyí tó ń fò lórí omi. Tó bá ti dé ìwọ̀n eré kan, bó ti wù kẹ́ ẹ fa ọwọ́ ẹ́ńjìnnì tó, imú ọkọ̀ ló máa gbé sókè, ìdí rẹ̀ á rì, omi á máa ru lẹ́yìn, epo á máa lọ, eré ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹ dá ọwọ́ rẹ̀ padà títí imú ọkọ̀ á fi wálẹ̀ tí omi ẹ̀yìn á fi rọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ fi sí. Ẹ ó pẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ṣùgbọ́n epo tí ẹ ó mu lè má tó ìdajì.

Ibi tẹ́ ẹ jókòó sí náà ń mu epo. Tí àwọn alábàárìn méjì bá kó ara wọn jọ sẹ́yìn lọ́dọ̀ ẹni tó ń wa ọkọ̀, tí kẹ́ẹ̀gì epo àti kúlà yìnyín tún wà níbẹ̀, ńṣe ni ọkọ̀ á máa gun òkè látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ gbé kúlà síwájú, kí ẹnì kan jókòó sáàárín. Ẹ gbọ́n omi inú ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra: omi tó tó garawa 20 lítà méjì tó bá wà nísàlẹ̀ pákó, èèyàn kékeré kan tí kò san owó lẹ gbé yẹn, 40 kílò gbáko. Ẹ wo fáànù ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú. Tí ewé omi tàbí okùn ìwọ̀ àtijọ́ bá wé mọ́ ọn, tàbí tí ẹnu rẹ̀ bá ti tẹ̀ nítorí pé ó fi orí gbá kùkùté, á máa yí lásán ni.

Omi Ẹlẹ́yẹlé ò tiẹ̀ nílò ẹ́ńjìnnì. Àjẹ̀ tó.

Ohun kan wà tó ń dùn mí tá a bá ń sọ̀rọ̀ two-stroke wọ̀nyí. Bí wọ́n ṣe ṣe àwọn ti àtijọ́, nínú epo tí wọ́n bá gbé mì, ìdá kan nínú márùn-ún, nígbà míì ó ń sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, ló ń jáde láìjóná pẹ̀lú ọ́ìlì rẹ̀, tó ń bọ́ sínú omi. Ẹ rántí omi tá à ń sọ. Ìsédò Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n ṣe sórí odò Ọ̀nà ní ọdún 1942, àti ti Aṣejire lórí odò Ọ̀ṣun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1972, omi ẹ̀rọ ará Ìbàdàn ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Owó wa là ń dà sínú ohun tá a máa mu. Tá a bá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tá a fi àjẹ̀ wọ ibi tí ẹja wà, àǹfààní rẹ̀ kọjá ti àpò wa nìkan. Epìyà tó wà létí koríko kì í dúró de ariwo ẹ́ńjìnnì. Ẹ pa á ní nǹkan bí 100 mítà síbi tẹ́ ẹ fẹ́ ju ìwọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí epo fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Lóṣù Kejì ọdún 2022, epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù (irú ọtí kan) pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, mọ́tò kú káàkiri. Gbogbo wa la rántí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà yẹn nìkan ni epo ń bàjẹ́. Omi lè wọ táǹkì abẹ́ ilẹ̀ nígbà òjò. Oníkẹ́ẹ̀gì lè da kẹrosíìnì mọ́ ọn. Epo lè ti pẹ́ jù. Oríṣìíríṣìí ni, ìyà tí kálukú ń fi jẹ ẹ́ńjìnnì sì yàtọ̀ síra.

Kò sẹ́ni tí kò lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wá ìgò funfun kan tó mọ́ gaara, irú èyí tí jáàmù máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ rọ epo sí i dé ìdajì, ẹ dé e, ẹ gbé e kalẹ̀ níbi tí kò ti ní mì fún bí 20 ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ wá gbé e sókè sí oòrùn. Epo tó dáa máa ń mọ́, ẹ ó rí ìka yín ní òdìkejì. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló máa lọ jókòó sí. Tó bá pọ̀, ẹ ó rí ìlà tó là wọ́n láàárín. Tó bá kéré, ẹ rọra tẹ ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́: ẹ ó rí àwọn ẹ̀kán róbótó-róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń yí gbirigbiri lọ sí kọ̀rọ̀ ìgò. Ẹ̀kán kan péré nínú ìgò jáàmù, ẹ fojú inú wo iye tó máa wà nínú kẹ́ẹ̀gì 25 lítà. Tí epo náà bá rí bàìbàì bí omi ẹ̀kọ, ẹ má rà á.

Ti ọtí ni èyí: ẹ bu omi sínú ìgò tóóró tó ìka méjì, ẹ fi máákà fàlà síbi tí omi dé. Ẹ da epo lé e tó ìka mẹ́jọ, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀. Tí omi ìsàlẹ̀ bá ti ga kọjá ìlà yẹn nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá rọlẹ̀, ọtí inú epo ló sá lọ bá omi. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa fa omi inú afẹ́fẹ́ sínú táǹkì yín, tí á máa jẹ irin fẹ́lẹ́ inú kabúrétọ̀, tí á sì máa mú kí páìpù rọ́bà wú.

Ní ti kẹrosíìnì, ẹ kán epo díẹ̀ sórí bébà funfun. Epo gidi á fẹ́ lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bébà á fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí bó ṣe wà. Èyí tí kẹrosíìnì wà nínú rẹ̀ á fi àbààwọ́n bí òróró sílẹ̀, á ṣì máa rùn lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti gbàgbé rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó bá mu ún máa ń ṣòroó jí láàárọ̀, èéfín rẹ̀ á pọ̀, tí ẹ bá sì fún un níná dáadáa lábẹ́ ẹrù, ẹ ó gbọ́ ìró kan bí ẹni ń mi òkúta wẹẹrẹ nínú agolo. Ẹ dín iná rẹ̀ kù lójú ẹsẹ̀. Ìró yẹn ló ń dá ihò sórí písítìn.

Nílé epo, tẹ́ ẹ bá rí ọkọ̀ táńkà tó ń já epo lọ́wọ́, ẹ lọ síbòmíràn tàbí kẹ́ ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì, torí gbogbo ìdọ̀tí àti omi tó ti sùn sísàlẹ̀ ló ń rú sókè yẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rọ epo sí kẹ́ẹ̀gì, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sórí ilẹ̀, ẹ má rọ ọ́ sínú rẹ̀ nígbà tó wà nínú bùútù mọ́tò tàbí nínú ọkọ̀ ojú omi. Èéfín epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa lọ ba sí, sìgá kan tó fún un.

Àpòpọ̀ ọ́ìlì ló kàn, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ti ń nọ́ọ̀kì. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo 50 sí 1 ń fẹ́ ìdajì lítà ọ́ìlì nínú 25 lítà epo. Èyí tó jẹ́ tuntun, tó ṣì ń fẹ́ 25 sí 1, ń fẹ́ lítà kan gbáko. Ẹ ka ìwé tó bá a wá. Ọ́ìlì tí wọ́n kọ TC-W3 (àmì ọ́ìlì two-stroke ti ojú omi) sí lára ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe ọ́ìlì mọ́tò, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń dà sí jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré I-better-pass-my-neighbour nílé. Ẹ rọ epo bí lítà 5 sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ da ọ́ìlì sí i, ẹ mì í, kẹ́ ẹ tó fi epo yòókù kún un. Tẹ́ ẹ bá da ọ́ìlì kẹ́yìn, kò ní pò dáadáa, ẹ́ńjìnnì lè mu epo tí kò ní ọ́ìlì nígbà kan, kó mu ọ́ìlì tó pọ̀ jù nígbà míì. Mo tún ní láti sọ ọ́: kẹ́ẹ̀gì tí à ń pè ní 25 lítà sábà máa ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́ ẹ bá kún un dé ẹnu. Ẹ fi ike omi oní-lítà kan wọn omi sí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ fàlà síbi tí 25 bá dé, kẹ́ ẹ wá gbẹ ẹ́ dáadáa. Ẹ́ńjìnnì four-stroke ní ibi ọ́ìlì tirẹ̀, ẹ má da ọ́ìlì mọ́ epo tirẹ̀ rárá.

Àwọn kan máa ń rò pé tí ọ́ìlì bá pọ̀, ààbò ló pọ̀ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Púlọ́ọ̀gì á dúdú, á tutù fún ọ́ìlì, iná ò ní sọ mọ́. Tẹ́ ẹ bá tú púlọ́ọ̀gì tí àwọ̀ rẹ̀ rí bíi kòkó tó gbẹ, ẹ́ńjìnnì yẹn ń jẹun dáadáa. Tó bá funfun bí eérú, epo ò dé ibẹ̀ tó, ooru ti pọ̀ jù, ẹ má wa á lọ síbi tó jìnnà.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká máa fi gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ kan epo. Kí ẹ tó bú ilé epo, ẹ wo ìdérí táǹkì: ìdè kékeré kan (síkúrù) wà lórí rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti tú u, ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́ fún bí 10 ìṣẹ́jú, á wá máa kú díẹ̀díẹ̀, bọ́ọ̀lù rọ́bà tá à ń fún lára páìpù epo á sì fún pọ̀ pẹlẹbẹ, kò ní padà wú. Tí bọ́ọ̀lù náà bá rọ̀ jẹ̀lẹ̀ tí kì í le bó ti wù kẹ́ ẹ fún un tó, afẹ́fẹ́ ló ń wọ ojú ìsopọ̀ páìpù. Ti omi ní àmì tirẹ̀: ẹ́ńjìnnì á jí, á dúró jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ti fún un níná, á wúkọ́, á kú. Ẹ tú ìdè tó wà nísàlẹ̀ kabúrétọ̀ kí ohun inú rẹ̀ dà sínú ìgò, ẹ ó rí omi náà. Ẹ má dà á sódò. Asẹ́ tó ń ya omi kúrò nínú epo, tá a so sáàárín táǹkì àti ẹ́ńjìnnì, máa ń dá wàhálà yìí dúró, tí wọ́n bá ń pààrọ̀ rẹ̀ déédéé.

Nítorí náà, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún rèé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde ní Sátidé, ẹ pe bàbá ọlọ́kọ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ béèrè pé, “Bàbá, ẹ́ńjìnnì wo lẹ ó lò, iye lítà wo ló máa gbé wa lọ bọ̀?” Ẹ ra epo yẹn fúnra yín nílé epo tẹ́ ẹ mọ̀ ní Ìbàdàn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìgò, ẹ ra ọ́ìlì tirẹ̀ pẹ̀lú, ẹ gbé e lọ. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ bàbá nìkan ló kù láti sọ, ẹ má sì ná an bí ọjà. Iye tẹ́ ẹ máa lò lọ́jọ́ náà nìkan ni kẹ́ ẹ pò, torí èyí tí ẹ ò tíì fi ọ́ìlì sí ṣì lè wọ mọ́tò yín lọ sílé. Tí ìdákọ̀ró bá ti balẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ yọ páìpù epo kúrò lára ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ó mu èyí tó kù nínú kabúrétọ̀ tán, kó kú fúnra rẹ̀. Epo tó bá sùn síbẹ̀ fún oṣù méjì máa ń gbẹ di gọ́ọ̀mù, á dí ihò tín-ín-rín tí mẹkáníìkì ń pè ní jẹ́ẹ̀tì, bàbá ló sì máa san owó títún un ṣe nígbà tí ẹ ti wà nílé.