Sinimá Yorùbá Kò Dúró De Ọdún 1992

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ pé ọdún 1992, nígbà tí fíìmù Living in Bondage jáde, ni fíìmù ṣíṣe bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ta fíìmù ní Kútọ̀, ní Abẹ́òkúta níhìn-ín, tún fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ fún mi pé eré orí ìtàgé nìkan ni àwọn bàbá wa mọ̀ ṣáájú ìgbà náà. Irọ́ gbáà ni.

Iṣẹ́ Ọlá Balógun nìkan tó láti já irọ́ náà. Ìlú Abá ní ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n bí ọmọ Yorùbá yìí sí ní 1945. Ó kọ́ṣẹ́ fíìmù ní Paris, ó padà wálé, ó sì dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ní 1975, ó ṣe Amadi ní èdè Ìgbò. Ní 1976, òun àti Adéyẹmí Afọláyan tí a mọ̀ sí Adé Love gbé Àjàní Ògún jáde ní èdè Yorùbá, ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko ṣáájú èyí tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́. Òun náà ni ó darí Aiyé fún Hubert Ògúńdé ní 1979, àti Ọ̀run Móoru fún Bàbá Sàlá ní 1982.

Mo wà nínú gbọ̀ngàn kan ní Aké nígbà tí wọ́n fi Ọ̀run Móoru hàn. Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, ẹ̀rọ ń kùn lẹ́yìn wa, bí róòlù fíìmù kan bá sì ti tán, aṣọ náà á funfun báláú, ariwo á sọ títí wọn yóò fi gbé òmíràn sí i. Ẹ̀dà fíìmù kò pọ̀ láyé ìgbà náà, nítorí náà àwọn tí ó ṣe é ni wọ́n ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Fíìmù yìí kan náà ni àwọn olè dà kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí wọ́n sì ń tà, tí Bàbá Sàlá fi wọ gbèsè.

Mo gbà pé orúkọ Nollywood kò tíì sí nígbà náà, àti pé Living in Bondage tà wàràwàrà. Ọ̀rọ̀ ọjà nìyẹn. Kenneth Nnebue tí ó gbé e jáde gan-an ti kọ́kọ́ náwó sórí fíìmù àgbéléwò Yorùbá kí ó tó ṣe é.