Wíwé Okùn Kún Ríìlì Dé Ètè Kì Í Mú Ìwọ̀ Lọ Jìnnà

Mo tún ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta ohun èlò ìpẹja, níbi tó ti ń kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ríìlì àkọ́kọ́ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí a ń wé okùn ìpẹja sí lára ọ̀pá: “Máa wé okùn sí i títí yóò fi kún dé ètè, nítorí bó bá ṣe kún tó ni ìwọ̀ rẹ yóò ṣe lọ jìnnà tó.” Ọmọ náà dúpẹ́, ó sanwó okùn híhun tó pọ̀ ju ohun tó nílò lọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tó ń fi ọ̀pá àti ríìlì pẹja létí òkun Èkó àti létí ọ̀sà Èpé ń fà lé ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni pé òfin ni, ó sì ti sú mi láti máa gbọ́ ọ, nítorí pé kì í ṣe òótọ́, owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ló sì ń bá a lọ.

Ríìlì tí mo ń sọ ni èyí tí súpúùlù rẹ̀ (ibi tí okùn ń wé mọ́, tí etí rẹ̀ níwájú ń jẹ́ ètè) kì í yí nígbà tí a bá ju ìwọ̀, tó jẹ́ pé iwájú rẹ̀ ni okùn ti ń fò jáde. Alfred Holden Illingworth, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó wà nídìí òwò òwú ní agbègbè Bradford, ló gba ìwé ẹ̀rí oníhùmọ̀ lórí irú rẹ̀ ní ọdún 1905, bí òwú sì ṣe ń yọ lórí kẹ̀kẹ́ òwú nílé iṣẹ́ ìhunṣọ gan-an ni okùn ṣe ń yọ lára ríìlì yìí: ìká kan (okùn tó yí súpúùlù po lẹ́ẹ̀kan) tẹ̀lé ìká kan, tí ìká kọ̀ọ̀kan sì ń gun ètè súpúùlù kọjá kó tó lọ. Ètè yẹn ló ń dá ìká tó kù dúró títí yóò fi kàn án. Níbi tí okùn bá ti ga tó ètè, kò sí ohun tó ń dá a dúró mọ́.

Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì wò ó fínnífínní. Nígbà tí a kọ́kọ́ wé okùn tuntun, ọwọ́ wa le, okùn náà sì lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá ti ju ìwọ̀, tí a sì ń ká a bọ̀, ìjẹ àtọwọ́dá tí kò wúwo ló wà lẹ́nu okùn, kò sì lè fà á le tó bí ọwọ́ wa ti fà á lákọ̀ọ́kọ́. Okùn tó padà wá yóò dẹ̀, okùn tó bá dẹ̀ yóò sì gba àyè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, débi pé ríìlì tó kún dé ètè láàárọ̀ yóò ti yọ kọjá ètè lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí a ti jù ú. Bí ẹja kékeré kan bá wá fa apá kan okùn náà le lórí èyí tó dẹ̀ nísàlẹ̀, wàhálà ti dé: nígbà tí a bá tún jù ú, ìká tó le yóò gbá ìká mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ mọ́ra, gbogbo wọn yóò jọ fò jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò sì há sí òrùka àkọ́kọ́ tó wà lára ọ̀pá. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ fi máa ń gbọ́ ìró “pá!” nígbà tí ìwọ̀ ṣì wà lókè, tí okùn á já, tí ìjẹ tí ẹ fowó gidi rà á sì máa dá lọ sínú omi láìsí okùn nídìí rẹ̀. Ní ti náílọ́ọ̀nù tuntun, ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i, nítorí pé ó máa ń fẹ́ nà padà bí sípíríǹgì, kò sì ní dúró kí a tó jù ú kó tó máa já bọ́ fúnra rẹ̀ láti orí súpúùlù, tí á sì lọ́ mọ́ ìdí ríìlì. Mo ti jókòó sórí òkúta létí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi Èkó, tí mo ń fi èékánná tú irú kókó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹja kúta ń jẹun níwájú mi. Láti ìgbà tí mo ti ń fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ ètè, n kì í sábà rí i mọ́.

Ní ti jíjìnnà tí wọ́n ń pariwo rẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní súpúùlù kan fẹ̀ ní mìlímítà 45 nígbà tí okùn wà lórí rẹ̀, tí ibi tí okùn ń jókòó sí lára rẹ̀ sì gùn ní mìlímítà 15. Ìká kan lórí rẹ̀ yóò gba nǹkan bíi mìlímítà 141. Bí ẹ bá ju ìwọ̀ lọ sí mítà 50 pẹ̀lú okùn tó nípọn ní mìlímítà 0.30, ìká bíi 354 ni yóò jáde, okùn tó kù lórí súpúùlù yóò sì ti lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 2. Ìyẹn ni pé ríìlì tí ẹ wé kún dé ètè kò ní wà ní kíkún títí ìwọ̀ yóò fi balẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ni àǹfààní tí ẹ ń wá wà, nígbà tí ìwọ̀ ṣì ń sáré gan-an, tí ètè kò lè dá a dúró. Nígbà tí eré rẹ̀ bá wá dínkù, okùn ti lọ sílẹ̀, yálà ẹ wé e kún tàbí ẹ kò wé e kún. Nítorí àǹfààní tí ojú kò rí yìí ni wọ́n ṣe ń ní kí ọmọ ọlọ́mọ máa fi ìjẹ ṣòfò.

Wọ́n á ní ẹja ńlá lè sáré gba gbogbo okùn tán. Bíréèkì ríìlì ló wà fún ìyẹn. Ẹni tó bá sì nílò okùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó ra ríìlì tó tóbi sí i, tàbí kó lo okùn tó tín-ín-rín: súpúùlù tó gba mítà 150 okùn mìlímítà 0.30 yóò gba nǹkan bíi mítà 337 okùn mìlímítà 0.20.

N kò sọ pé kí ẹ fi ríìlì sílẹ̀ ní ààbọ̀ o. Bí okùn bá lọ sílẹ̀ jù, yóò máa fara gbo ètè nígbà tó bá ń jáde, ìwọ̀n okùn tí ẹ ń ká wọlé ní yíyí kan yóò sì dínkù. Mìlímítà 2 sí 3 ni àyè tó yẹ, ọ̀pọ̀ ìwé ìlò tó ń bá ríìlì wá nínú páálí rẹ̀ ló sì sọ ohun tó sún mọ́ ọn. Ó kàn jẹ́ pé àwọn tó ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn kì í kà á. Mo gbà pé ètè súpúùlù mìíràn dagun ju òmíràn lọ, ó sì lè gba kí àyè náà dín díẹ̀ tàbí kó lé díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ní kí ẹ wé e dé ètè.

Okùn híhun tó wọ́n gógó kò tiẹ̀ yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí súpúùlù. Ẹ kọ́kọ́ wé náílọ́ọ̀nù olówó pọ́ọ́kú sí ìsàlẹ̀, kí ẹ so okùn híhun mọ́ ọn. Yàtọ̀ sí owó tí yóò kù sí yín lápò, okùn híhun máa ń yọ̀ lára irin súpúùlù, tó jẹ́ pé bí ẹja bá fà á, gbogbo rẹ̀ á kàn máa yí gbirigbiri lórí ibi tó jókòó sí. Náílọ́ọ̀nù tó wà nísàlẹ̀ ni yóò dì í mú. Ẹ wé e pẹ̀lú ọwọ́ tó le, kí ẹ fi ìka méjì mú okùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bí ríìlì yín bá ti kún jù báyìí, ẹ so ẹnu okùn mọ́ igi kan, kí ẹ máa rìn sẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, kí ẹ máa dúró wò ó títí igi ìṣáná kan yóò fi lè dùbúlẹ̀ sáàárín okùn àti ètè láìyọrí kọjá ètè náà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti gé e.