Ṣé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ilẹ̀ nìkan ló ni ilé, tí tọkọtaya bá tú ká?

Ní Ìkòròdú níbí, tí ìgbéyàwó bá ti fẹ́ tú ká, ìbéèrè kan wà tí àwọn ẹbí ọkọ fi máa ń pa ìyàwó lẹ́nu mọ́: "Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilẹ̀?" Obìnrin náà á kó ẹrù, á kó ọmọ, á lọ gba yàrá kan ní Agric. Ilé tí owó àjọ rẹ̀ bá wọn kọ́ á wà ní Ìgbógbó, ayálégbé á máa sanwó fún ọkùnrin náà. Ó ń dùn mí gan-an, torí ọ̀pọ̀ wọn kò dé ọ̀dọ̀ lọ́yà kankan kí wọ́n tó gbà pé ọ̀rọ̀ ti bù ṣe.

Orúkọ orí ìwé lágbára lóòótọ́. Òun nìkan kọ́ ni adájọ́ ń wò.

Fún àwọn tó ṣe ìgbéyàwó réjísírì, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ, Matrimonial Causes Act ti ọdún 1970 ni òfin tó ń darí ìkọ̀sílẹ̀ wọn. Abala 72 rẹ̀ fún Ilé-Ẹjọ́ Gíga lágbára láti pàṣẹ pé kí ọkọ tàbí ìyàwó fi dúkìá kan sílẹ̀ fún ẹnì kejì tàbí fún àwọn ọmọ, bí adájọ́ bá rí i pé ohun tó tọ́ nìyẹn. Nínú ẹjọ́ Kafi àti Kafi lọ́dún 1986, Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ka owó àti akitiyan tí ìyàwó fi ti òwò ọkọ lẹ́yìn sí, obìnrin náà kò sì kúrò níbẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Àwọn kan tún wà tí tiwọn kọjá ìyẹn. Wọ́n ní ẹni tó bá ti ṣe ìgbéyàwó kóòtù, ìdajì ni tirẹ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́ nípa California ní Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé wá sí Ìkòròdú. Kò sí òfin Nàìjíríà tó ní kí wọ́n pín gbogbo dúkìá lọ́gbọọgba.

Ẹ̀rí ni gbogbo rẹ̀ dá lé, ibẹ̀ ló sì ti ń bàjẹ́ mọ́ àwọn ìyá wa lọ́wọ́. Nínú ẹjọ́ Amadi àti Nwosu, ọkọ ta ilé, ìyàwó kọ̀, ó ní òun dá sí kíkọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ lọ́dún 1992, obìnrin náà pàdánù, torí kò ṣàlàyé irú ohun tó dá àti bó ṣe pọ̀ tó. Ẹ fọkàn sí i: wọn kò sọ pé ìyàwó kò lè ní ìpín. Àlàyé ni wọn kò rí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan ní Èbúté ṣe àpẹẹrẹ. Ó kó àjọ, ó ka owó náà lé ọkọ lọ́wọ́ pé kó lọ ra sìmẹ́ǹtì. Orúkọ ọkọ ni wọ́n kọ sí rìsíìtì. Ó pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì, ó gbé oúnjẹ lọ fún bíríkìlà ní sáìtì, ta ló ń kọ rìsíìtì fún ìyẹn? Tó bá dé kóòtù, ẹnu lásán ló kù fún un. Ká ní ó gba owó náà láti ìdí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, ìwé ẹ̀yáwó wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "páànù òrùlé" sí iwájú iye tó yá. Ká ní inú báǹkì ló ti san án fún oní-búlọ́ọ̀kù, orúkọ rẹ̀ á hàn. Káàdì alájọ wúlò, ìwé àkọsílẹ̀ tí bíríkìlà ń buwọ́ lù náà wúlò, bíríkìlà fúnra rẹ̀ sì lè wá jẹ́rìí. Ẹ má ju irú ìwé bẹ́ẹ̀ nù, kódà nígbà tí ìfẹ́ ṣì wà.

Ti ìgbéyàwó ìbílẹ̀ àti yìgì yàtọ̀, torí òfin 1970 kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́ ló ń tú wọn ká. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní ẹ̀rí lè pẹjọ́ pé òun jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé. Ọjà inú ṣọ́ọ̀bù obìnrin àti fìríísà tó fi èrè rẹ̀ rà, tirẹ̀ ni nínú àṣà Yorùbá. Dídá owó orí padà kò sọ wọ́n di ti ọkọ.

Bí ọkọ bá ń wá ẹni tó máa ra ilé ńkọ́? Kíkọ "ilé yìí kì í ṣe títà" sára ògiri kò tó. Lọ́yà ló máa bẹ kóòtù kó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ẹjọ́ á fi parí, ẹni tó bá sì rà á nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́ ra ẹjọ́ náà mọ́ ọn. Tówó lọ́yà bá wọ́n, ẹ lọ sí Office of the Public Defender ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. Wọn kì í gbowó lọ́wọ́ aláìní. Ẹ kó gbogbo ìwé yẹn dání lọ, títí kan èyí tí ẹ rò pé kò já mọ́ nǹkan kan.